Ṣé ewédú lè hù ní Inuvik?

Abẹ̀kẹ́: Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé wa dé Inuvik, lókè téńté Kánádà. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń kó wá síbí ti máa ń rọ kó tó dé ṣọ́ọ̀bù, owó rẹ̀ sì ń dẹ́rù bani. Mo gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé wò, yìnyín ni mo kàn. Bàálé mi ò sì yé dárúkọ ewédú!

Bàbá Olóko: Ilẹ̀ yẹn kì í yọ́ tán láéláé, ọmọ mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ilé lé orí òpó níbẹ̀. Ẹ lọ sí ọgbà tí ará ìlú jọ ń lò. Gbọ̀ngàn hockey àtijọ́ ni wọ́n sọ di ọgbà ní 1998, wọ́n ká páànù òrùlé kúrò, wọ́n fi ike tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé rọ́pò rẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ gba ebè kan.

Àríkẹ́: Ẹ má da ara yín láàmú lórí spinach òyìnbó o. Láti ìparí May títí di July, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀. Kíá ni yóò yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á korò. Ewédú ní tirẹ̀, òru gígùn ló ń mú un tanná, torí náà ewé ni yóò máa yọ ṣáá. Ooru ló ń fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gbìn ín sí ojú fèrèsé nínú ilé. Ẹ da omi híhó lé irúgbìn náà lórí, kí ẹ sẹ́ ẹ kíá, torí èèpo rẹ̀ le.

Abẹ̀kẹ́: Omi híhó kẹ̀! Níbo ni màá ti rí irúgbìn?

Àríkẹ́: Àwọn ará Íjíbítì náà ń jẹ ẹ́. Ẹ wá “molokhia” lórí íntánẹ́ẹ̀tì.