Ìwé-ẹ̀rí ọ̀fẹ́ fún ìkànnì àti ímeèlì: certbot ń kọ̀ fún mi

Ọmọ_Òṣogbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìkànnì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa wà lórí VPS (sáfà àyágbé) tó ń lo Ubuntu àti nginx, ètò tó ń gbé ìkànnì jáde. Postfix (tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́) àti Dovecot (tó ń jẹ́ kí èèyàn rí ímeèlì rẹ̀ kà) náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ ìwé-ẹ̀rí ọ̀fẹ́ (TLS, tó ń dáàbò bo ìsopọ̀) fún méjèèjì, àti èyí tí màá fi máa fọwọ́ sí ímeèlì tí mo bá kọ. Certbot, ètò tó ń bá èèyàn gba ìwé-ẹ̀rí náà, ń sọ pé "Timeout during connect (likely firewall problem)". Kí ni kí n ṣe?

Alágbẹ̀dẹ443:
Ẹ káàbọ̀. Ti ìkànnì àti ti sáfà ímeèlì, irú kan náà ni. Let's Encrypt ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ẹ fẹ́ fi fọwọ́ sí lẹ́tà, S/MIME ni, Let's Encrypt kì í ṣe é.

Ohun tí àṣìṣe yẹn ń sọ ni pé Let's Encrypt kan pọ́ọ̀tù 80 yín, kò sì rí ẹni dáhùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣí 443 nìkan, bẹ́ẹ̀ pọ́ọ̀tù 80 ni àyẹ̀wò HTTP-01, tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni orúkọ náà, ń gbà. Ẹ lo `sudo ufw allow 80/tcp` (ufw ni firewall inú Ubuntu), kí ẹ tún wo firewall tó wà lójú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ni VPS náà, torí ọ̀tọ̀ nìyẹn, ufw ò lè ṣí i.

Tí àṣìṣe bá wá yí padà di 404, ẹ wo `dig AAAA example.com` (AAAA ni àdírẹ́sì IPv6 inú DNS; ẹ fi orúkọ tiyín rọ́pò example.com níbi gbogbo). Let's Encrypt máa ń kọ́kọ́ gba IPv6. Tí AAAA bá ṣì ń tọ́ka sí sáfà àtijọ́, sáfà yẹn ló máa dáhùn, tiyín ò ní gbọ́ rárá. Ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ pa á rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Tí orúkọ kan bá kùnà lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín wákàtí kan, wọ́n á tì yín síta fúngbà díẹ̀. Èyí ni kí ẹ fi dán an wò, kò wọ inú ìṣirò náà:

`sudo certbot certonly --nginx --dry-run -d example.com -d www.example.com -d mail.example.com`

Tó bá ti yọrí, ẹ yọ `certonly` àti `--dry-run` kúrò, kí ẹ tún un ṣe.

Ìyá_Postfix:
Kí n fi ti ímeèlì kún un. Nínú main.cf, fáìlì ìṣètò Postfix, `smtpd_tls_cert_file` gbọ́dọ̀ tọ́ka sí fullchain.pem, kì í ṣe cert.pem. Cert.pem kò ní ìwé-ẹ̀rí àárín (èyí tó so tiyín mọ́ ti àwọn tó fún yín) nínú; browser kan lè wá a rí fúnra rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ áàpù ímeèlì lórí fóònù á kọ̀ ọ́. Privkey.pem, kọ́kọ́rọ́ àṣírí yín, ló ń lọ sí `smtpd_tls_key_file`. Ní Dovecot 2.3, `ssl_cert = </etc/letsencrypt/live/example.com/fullchain.pem` ni, ẹ má gbàgbé àmì `<` yẹn. Láti 2.4, orúkọ rẹ̀ ti di `ssl_server_cert_file`, kò sì nílò àmì náà mọ́.

Ọjọ́ 90 péré ni ìwé-ẹ̀rí náà ń lò. Certbot á tún un gbà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n Postfix àti Dovecot lè máa bá ti àtijọ́ lọ títí á fi kú. Ẹ ṣe fáìlì kan sínú `/etc/letsencrypt/renewal-hooks/deploy/`:

`#!/bin/sh`
`systemctl reload postfix dovecot`

kí ẹ sì fi `chmod +x` sí i. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025, Let's Encrypt kì í fi ímeèlì ránni létí mọ́, torí náà ẹ wá ohun mìíràn tí yóò máa ṣọ́ ọ fún yín.

Ọmọ_Òṣogbo:
Ẹ ṣeun gan-an, firewall ilé-iṣẹ́ náà ni. Ìkànnì ti ń ṣiṣẹ́. Fóònù àwọn kan ṣì ń ráhùn pé orúkọ ò bára mu.

Ìyá_Postfix:
Àfàìmọ̀ ni kì í ṣe pé nọ́ńbà IP ni wọ́n kọ sínú áàpù wọn. Mail.example.com ni kí wọ́n kọ, fún IMAP àti SMTP. Ẹ fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò: `openssl s_client -starttls smtp -connect mail.example.com:587`.

Alágbẹ̀dẹ443:
Ó ku S/MIME. Actalis ti Ítálì ti ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan, fáìlì PFX (ìwé-ẹ̀rí àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ papọ̀) ni ẹ ó gbé wọ áàpù ímeèlì Thunderbird. Tí ẹ bá gba tuntun lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má pa kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ rẹ́: lẹ́tà tí wọ́n fi tì ní àṣírí kò ní ṣí mọ́ láìsí i.