Highlander 2005 tí jíà rẹ̀ ń lọ́ra: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Jíípù Toyota Highlander 2005 kan ni mo fẹ́ rà n'Íbàdàn, ẹ́ńjìnnì V6. Máìlì ojú rẹ̀ kò tó 120,000, ṣùgbọ́n rọ́bà pédàlì bíréèkì ti jẹ dán, n ò gba iye yẹn gbọ́.

Mẹkáníìkì mi ti yẹ̀ ẹ́ wò: ọ́ìlì mọ́, kò rú èéfín, scanner (ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀) ò sì mú nǹkan kan jáde (wọ́n sì lè ti pa àwọn àṣìṣe náà rẹ́ kí a tó dé). Gbogbo ìgbà tí a bá dé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tan ọkọ̀ kó gbóná ṣáájú wa, a ò tíì rí bó ṣe ń ṣe nígbà tó bá tutù. Ẹni tó ń tà á ò mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ timing belt (bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì tó ń mú kí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ yí ní ìbámu), èyí tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ní 90,000 máìlì. Ìyẹn ṣì kéré, owó ló máa gbà.

Jíà ló ń kọ mí lóminú. Tí mo bá fi sí R (jíà ẹ̀yìn), á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á jà gìrì. Ṣé ọ́ìlì jíà tó ti gbó ló ń fa èyí, àbí jíà fúnra rẹ̀ ló ti ń lọ?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.