AC wa ń da nǹkan dúdú, ọmọ ń wúkọ́, wọ́n sì ti gbowó mi lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Fáwàsì, Tánkẹ̀: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, inú ló ń bí mi. Ẹni tó ń tún AC ṣe fún wa gba ₦18,000 lọ́wọ́ mi ní Sátidé, aago mẹ́wàá ló dá, aago mẹ́ta ló dé, ọṣẹ tí mo fi ń fọ aṣọ ọmọ ló lò, ó tún da omi ìdọ̀tí sára ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó yọ fíltà, ó nà án sí mi lójú, "Àlhájà ẹ wò ó", ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fọ̀ ọ́, ó lọ. Lónìí mo fi ìka nù ún, dúdú padà! Ṣé ẹ rí i pé ó fi mí jẹun ni? Ọmọ mi ọdún mẹ́rin ń wúkọ́, tó bá jí láàárọ̀ á ní orí ń fọ́ òun, ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Orí ń fọ́ èmi náà. Mo sì ti fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí fèrèsé nítorí ọyẹ́. Irú AC wo ló ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́ tí n lè rà? Tókunbọ̀ leléyìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló tà á fún wa, òun náà ló tún ń sọ pé tókunbọ̀ ò dáa.

Ìyá Ìbejì, Gáà Àkànbí: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa fọ fíltà, omi lásán tó o. Tiwa rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tútù nígbà kan, wọ́n tú u, páìpù tó ń da omi síta ló dí, inú ẹ̀ ti bu. Ọmọ alángbá ló há síbẹ̀, kò ju ìka mi lọ.

Ọmọ Igbómìnà: Ẹ fi òrí ra imú ọmọ. AC yìí gan-an kì í ṣe tiwa. Ní Òmù-Àrán níbí a máa ń ṣí fèrèsé ni.

Ìyá Ìbejì, Gáà Àkànbí: Kí eruku wá bo ìkòkò ọbẹ̀ wọn àbí? Ẹ fọ fíltà mà.

Ìyá Fáwàsì, Tánkẹ̀: Mo ti ra òrí. Mo ti fọ fíltà. A lọ sí kẹ́mísì, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ há a níka, ó gbé 98, wọ́n ní kàtá ni. ₦18,000 mi ni mò ń sọ o.

Oníṣẹ́ AC, Fátẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pe ẹni yẹn lólè. Eruku ọyẹ́ kì í dúdú, bí ìyẹ̀fun ló ń rí, á pupa díẹ̀. Nǹkan tó dúdú bí ìdí ìkòkò, èéfín ni. AC tó wà lára ògiri yẹn kì í fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ìta, èyí tó wà nínú yàrá ló ń yí ká. Kí lẹ ń sun nínú ilé?

Ọmọ Igbómìnà: Kọ́ìlì ẹ̀fọn ni.

Ìyá Fáwàsì, Tánkẹ̀: A kì í lo kọ́ìlì, nẹ́ẹ̀tì la ń lò. Gáàsì la fi ń dáná.

Oníṣẹ́ AC, Fátẹ́: Iná NEPA tiyín ńkọ́ lóru?

Bàbá Ọ̀ffà: Ìbéèrè ńlá nìyẹn. Ìyàwó mi bímọ ní 2009, ìyá mi gbé àdògán eédú sí yàrá kó lè yáná, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo dé, kò lè dìde, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí. Eédú yẹn ò mú èéfín kankan wá lójú o. Ìta gbangba ló ti ta jí.

Ìyá Fáwàsì, Tánkẹ̀: Iná ò dúró lóru, gẹ́n la fi ń gbé AC títí aago méjìlá. Kò sì sí nínú yàrá o! Kòrídọ̀ ẹ̀yìn ló wà, a máa ń ti ilẹ̀kùn àbájáde nítorí wọ́n jí ti aládùúgbò wa lóṣù tó kọjá. Ẹ ò lè ní kí n gbé gẹ́n ọ̀kẹ́ àìmọye síta fún olè.

Oníṣẹ́ AC, Fátẹ́: Alhamdulillah pé ẹ kọ ọ́ síbí. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ báyìí? Ẹ pa á, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ gbé ọmọ jáde. Èyí tó ń pa èèyàn nínú èéfín gẹ́n kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò sí fíltà AC tó lè mú un.

Nọ́ọ̀sì, Adéwọlé: Ó tọ̀nà. Carbon monoxide ni. Ẹ̀rọ ìka yẹn ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ gidi, á kàn máa gbé 98 lọ ni. Ẹ lọ sí ọsibítù lálẹ́ yìí, ẹ sọ ọ̀rọ̀ gẹ́n fún dókítà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ̀yin náà. Ṣé ara ọmọ máa ń yá tẹ́ ẹ bá jáde nílé?

Ìyá Fáwàsì, Tánkẹ̀: A lọ kí màmá mi lópin ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ méjì kò wúkọ́, kò sọ̀rọ̀ orí. Mo rò pé omi ibẹ̀ ni.

Ọmọ Igbómìnà: Mo sọ àbí mi ò sọ, ẹ ṣí fèrèsé.

Ìyá Ìbejì, Gáà Àkànbí: AC lẹ ń bú o, ẹ má yí i.

Oníṣẹ́ AC, Fátẹ́: Gẹ́n gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu èéfín kọjú síta. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe àgò irin fún un, ẹ fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀.

Ìyá Fáwàsì, Tánkẹ̀: A ti pa á. A wà lẹ́bàá ọ̀nà, à ń dúró de kẹ̀kẹ́, ọmọ ń béèrè búrẹ́dì. Bàbá ẹ̀ ní òun ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Ẹni AC yẹn ṣì máa kun ògiri mi o.