Nápíkìn aláṣọ: ìdí ọmọ mi ń pọ́n, aṣọ náà sì ń rùn

Ìyá Ìrèmídé, Ṣàgámù

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ìyá mi. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi, ọkùnrin ni, àkọ́bí. Pampers tó ń gbówó lórí ṣáá ló jẹ́ kí èmi àti bàbá ẹ̀ fẹnu kò pé nápíkìn aláṣọ la máa lò. Ìyá ọkọ mi bá gbé èyí tí wọ́n fi tọ́ ọkọ mi àtàwọn àbúrò ẹ̀ wá láti Òde-Rẹ́mọ: onígun mẹ́rin, funfun, tó rí bíi táwẹ̀lì, tòun ti píìnì ẹ̀. Ó ti pẹ́ nínú àpótí, káńfọ̀ ṣì ń ta lára ẹ̀, àmọ́ aṣọ náà ò tíì gbó rárá. Mo ra tuntun mélòó kan kún un.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Mo ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, síbẹ̀ bí ọmọ bá ti tọ̀ sí i báyìí, òórùn ẹ̀ á gbá mi nímú. Ìdí ẹ̀ ti ń pọ́n, ó máa ń ké tí omi bá kàn án. Omi kànga la ń lò nílé wa, kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó bọ̀rọ̀, mo wá máa ń da Omo sí i dáadáa, mo sì ń kán Dettol sí omi tí mo fi ń ṣàn án. Àwọn tuntun yẹn gan-an kì í fa omi, ńṣe ni ìtọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ itan jáde. Àǹtí kan ládùúgbò ní kí n kó aṣọ dà nù, pé aṣọ ló ń bó ìdí ọmọ. Ìyá ọkọ mi ní irọ́ ni. Ẹ bá mi dá sí i o.

Màmá Dárà, Ìjẹ̀bú-Igbó

Kú ọwọ́ lómi o. Pa méjèèjì pọ̀ ni tèmi. Aṣọ lọ́sàn-án, Pampers lóru, kí ìwọ àti ọmọ lè sùn. Lọ́jọ́ tó o bá ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, Pampers náà ni. Ìdí tó pọ́n yẹn, ṣí i sílẹ̀ fún un tó bá sùn lọ́sàn-án kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Má da páúdà sí i o, inú imú ọmọ ló ń gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Bàbá Ìbejì, Ìlíṣàn

Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu. Èmi ni mo ń fọ nápíkìn àwọn ìbejì wa nígbà tí ìyá wọn ṣì ń tọ́jú ojú iṣẹ́ abẹ. Omi tútù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ṣan ìgbẹ́ kúrò. Tó bá jẹ́ omi gbígbóná lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ṣe ló máa mú un gbá mọ́ aṣọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ń rẹ ẹ́ sí, ẹ wá èyí tó ní ìdérí tó le, ẹ má fi sílẹ̀ níbi tí ọmọdé lè dé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lásán ti gbẹ̀mí ọmọ rí.

Ìyá Àgbà Ìpẹru

Ọmọ mi, kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run á wo Ìrèmídé fún wa. Mo ka gbogbo ohun tó o kọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ káńfọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un kúrò nílẹ̀.

Kó gbogbo nápíkìn tó ti inú àpótí wá kúrò nínú yàrá tí ọmọ wà lónìí. Horo funfun tí à ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ yẹn, májèlé ni fún ọmọ tí ara ẹ̀ kò ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD tó. Ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, lára ọmọkùnrin pàápàá: nǹkan bí ọmọkùnrin 1 nínú 5 ló rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ò sì mọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tí aṣọ ẹ̀ ń kàn án lára, ẹ̀jẹ̀ inú ara ẹ̀ á máa fọ́. Ojú ẹ̀ á di àwọ̀ ìyeyè. Bí ibà pọ́njú yẹn bá le, tó dé ọpọlọ, ó lè pa ọmọ. Èyí tí kò bá pa lè sọ ọmọ di adití tàbí kó má lè rìn. Agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ìyá kan bá gbé ọmọ olójú pípọ́n wọlé, ọ̀kan nínú ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Inú kí lẹ kó aṣọ ọmọ yìí sí kẹ́ ẹ tó bí i?"

Gbé ọmọ lọ sídìí fèrèsé ní ojúmọmọ. Wo funfun ojú ẹ̀. Fi ìka tẹ iwájú orí ẹ̀ díẹ̀, kó o gbé ìka kúrò, kó o wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀. Wo nápíkìn tó tọ̀ sí náà: ìtọ̀ ọmọ tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀. Bó bá ń kun aṣọ funfun, tàbí ojú ẹ̀ pọ́n, tàbí kò fẹ́ mu ọmú mọ́, tó kàn ń sùn ṣáá, gbé e lọ sí OOUTH, ọsibítù ńlá tó wà nítòsí rẹ yẹn, lójú ẹsẹ̀. Má sọ pé oòrùn àárọ̀ á wò ó, má sì fún un ní omi glúkóòsì. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn nápíkìn funfun nìyí o, ó ń jẹ́ kí ìyá rí ohun tó ń jáde lára ọmọ ẹ̀.

Má bínú sí ìyá ọkọ ẹ. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa láti tọ́jú aṣọ nìyẹn, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi gbé e wá. Sá a síta gbangba fún ọjọ́ mélòó kan, nínú oòrùn àti atẹ́gùn, fọ̀ ọ́, tún un fọ̀, kó o wá gbé e sí imú. Bí òórùn káńfọ̀ bá ṣì kù lára ẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kò tíì yá. Bi wọ́n léèrè ọ̀já àti ìborùn tí wọ́n ń lò fún ọmọ náà, bóyá inú àpótí kan náà ni wọ́n ti kó o.

Ó wá kan òórùn. Aṣọ ò ṣe é ní nǹkan kan, ọṣẹ ni. Mú nápíkìn kan tó o ti fọ̀ tó sì ti gbẹ, rì í bọ omi tó mọ́ nínú báfù, má fi ọṣẹ kankan sí i, kó o máa fún un. Omi yẹn á hó. Ọṣẹ tí kò jáde nígbà tó o fọ̀ ọ́ nìyẹn, orí ẹ̀ sì ni ọmọ ń sùn. Abẹ́ ilẹ̀ Ṣàgámù ni wọ́n ti ń wú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Omi kànga tó bá gba àárín irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá máa ń le. Ọṣẹ kì í hó nínú omi líle, ńṣe ló ń dì mọ́ aṣọ. Ìwọ náà á rò pé ọṣẹ kéré, wàá tún bu òmíràn sí i. Aṣọ tí ọṣẹ ti dí lára kì í fa ìtọ̀ dáadáa, kì í sì í mọ́ dénú, òun ló ń rùn tó ń gbá ẹ nímú yẹn. Dettol tó o ń kán sí omi ìkẹyìn ò ní jáde mọ́, á máa ta ọmọ nídìí. Èyí tó ń mú aṣọ rọ̀ tó ń ta sánsán náà, má rà á, kì í jẹ́ kí aṣọ fa omi.

Omi òjò ni kó o máa gbè. Ọṣẹ díẹ̀ á hó nínú ẹ̀. Bí omi òjò ò bá tó, fi ti kànga fọ̀ ọ́, kó o fi ti òjò ṣàn án gbẹ̀yìn. Máa ṣàn án títí omi á fi dá, tí kò ní yọ̀ lọ́wọ́ ẹ mọ́. Àwọn tuntun tó o rà, òróró ara òwú ṣì wà lára wọn. Fọ̀ wọ́n, sá wọn, tún wọn fọ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ọmọ tó lò ó, wàá rí i bí wọ́n ṣe máa fa omi. Tó o bá ń fi òrí tàbí Vaseline pa á nídìí, tẹ́ àkísà rírọ̀ sáàárín, torí ọ̀rá yẹn náà ń dí aṣọ.

Nápíkìn onígun mẹ́rin, ká a kó nípọn níwájú, nítorí ọkùnrin ni. Fi ẹnu píìnì gún ọṣẹ kan tó gbẹ kó o tó lò ó, á wọ aṣọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kó o sì máa fi ìka tìrẹ há àárín píìnì àti awọ ọmọ. Pààrọ̀ ẹ̀ bó bá ti tọ̀. Bí ìdí náà ò bá rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tí kókó pupa kéékèèké ń yọ káàkiri kọ̀rọ̀ itan, gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, olu, ìyẹn kòkòrò àrùn tó ń hù sí awọ tó bá tutù, lè ti wọ̀ ọ́.

Ìyá Ìrèmídé, Ṣàgámù

Ẹ ṣé gan-an, ìyá mi. Ẹsẹ̀ kan náà ni mo gbé e lọ sí ọsibítù, mi ò lè sùn pẹ̀lú ohun tí mo kà. Wọ́n ní ojú ẹ̀ mọ́, ara ẹ̀ dá, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fún G6PD yẹn. Mo sì ri nápíkìn bọ omi bẹ́ ẹ ṣe wí. Ó hó! Ìyá ọkọ mi jókòó tì mí, àwọn fúnra wọn ní kí n kó àpótí síta. Òjò tó ń rọ̀ báyìí ló kù tó ń dẹ́rù bà mí. Inú ilé ni mo ń sá aṣọ sí, kì í sì í gbẹ tán.

Ìyá Àgbà Ìpẹru

Inú mi dùn. Gbà èsì ẹ̀jẹ̀ náà, kó o tọ́jú ẹ̀ sínú káàdì àjẹsára ẹ̀, torí àwọn oògùn kan wà tí ọmọ tí G6PD ẹ̀ kò bá tó ò gbọ́dọ̀ lò.

Ní ti òjò, okùn ni kó o ta sábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí aṣọ má sún mọ́ra. Má sá a sórí koríko tàbí sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Eṣinṣin kan wà tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tí kò gbẹ. Ìdin ẹ̀ á wọ inú awọ ọmọ, á wá wú bí eéwo. Ìdí tí àwọn ìyá wa fi ń lọ aṣọ ọmọ nìyẹn, tojú tẹ̀yìn, àti létí ibi tí wọ́n rán pọ̀. Bí iná ò bá sí, lo áyọ́ọ̀nù oníèédú, àmọ́ ìta ni kó o ti lọ̀ ọ́. Má gbé èédú tó ń jó wọ yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Bí èyí tó ní rọ́bà lẹ́yìn bá wà nínú àwọn tuntun tó o rà, má fi áyọ́ọ̀nù kàn án, á yọ́. Dúró de oòrùn fún ìyẹn.