Ìbò mi tí wọn kò kà: ẹ jẹ́ ká sọ ìrírí wa nípa ìbò pósítì

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, ojú ló ń tì mí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2024 tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìbò yan àwọn aṣòfin, mo gbà pé èmi náà dìbò. Lẹ́yìn tí ariwo ìbò ti lọ sílẹ̀ ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ìdìbò àdúgbò wa. Wọ́n ní àwọn kò ka ìbò tí mo fi pósítì ránṣẹ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí tí mo kọ sínú rẹ̀ kò bá èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn mu.

Ọjọ́ ìbí tèmi kẹ̀? Mo jókòó ní kíṣìnì, mo ń rò ó títí kí n tó rántí. Nọ́ọ̀sì ni mí, alẹ́ ni mo máa ń ṣiṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ fọ́ọ̀mù náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ wọlé ni, mi ò tíì bọ́ bàtà. Ní wọ́ọ̀dù wa, gbogbo ìwé tí mo bá buwọ́ lù, ọjọ́ òní ni mo máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Bí mo ṣe buwọ́ lùwé ìbò náà tán, ọwọ́ kan náà ló lọ kọ ọjọ́ òní sínú àpótí kéékèèké tí wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi sí.

Ó dùn mí dé egungun. Bàbá mi tò sórí ìlà ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, ìjọba ológun sì fagi lé ìbò náà. Títí bàbá fi kú ni wọ́n ń sọ ọ́. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ìbò tí ẹnikẹ́ni kò kà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílé wa. Ẹ wá wò ó, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fagi lé tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí. Tí àpòòwé ńlá láti káńsù bá délé, ìwé ìdìbò wà nínú rẹ̀, ìwé kan tí ẹ máa buwọ́ lù tí ẹ sì máa kọ ọjọ́ ìbí yín sí wà níbẹ̀, àpòòwé méjì náà sì wà níbẹ̀, A àti B. Ìwé ìdìbò tí ẹ ti fi àmì sí ló ń wọ A, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ pa. A yìí àti ìwé tí ẹ buwọ́ lù, àwọn méjèèjì ló máa wọ B. B ni pósítì máa gbé lọ, ẹ kò sì ní lẹ sítáǹpù kankan mọ́ ọn. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn yóò ṣí B, wọn yóò fi ìbuwọ́lùwé àti ọjọ́ ìbí yín wé èyí tí ẹ fún wọn lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún ìbò pósítì. Tí kò bá bára mu, A kò ní wọ àárín ìbò tí wọ́n máa kà. Ẹni tí ẹ yàn wà nínú ẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò mọ̀ pé àwọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò níbí. Wọ́n rò pé ó di ìgbà tí èèyàn bá gba páásípọ́ọ̀tù pupa tàbí aláwọ̀ búlúù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth ni wá. Tí físà rẹ bá ṣì wúlò, ì báà ṣe ti iṣẹ́ tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, tí o sì ń gbé níbí, o lè forúkọ sílẹ̀ kí o sì dìbò, ti káńsù àti ti ilé aṣòfin.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti dìbò báyìí rí? Kí lojú yín rí?

Bàbá Tóbi, Manchester

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Èyí kì í ṣe ìtìjú rárá. Ìyàwó mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe irú rẹ̀, èmi ni mo rí i lórí tábìlì kó tó lẹ̀ ẹ́ pa.

Ìbò kan náà yẹn ni tèmi dá lé, ṣùgbọ́n èmi kò tilẹ̀ rí ìwé ìdìbò. Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ni Rishi Sunak, olórí ìjọba nígbà náà, dúró nínú òjò tó kéde pé ìbò yóò wáyé lọ́jọ́ 4 oṣù Keje. Ìyá ìyàwó mi ti kú nígbà náà, a ti mú ọjọ́ ìsìnkú, a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Iléṣà. Mo ní kò burú, n ó fi pósítì dìbò kí n tó gbéra. Mo bẹ̀bẹ̀ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbà á, ọkàn mi balẹ̀.

Ohun tí mi ò rò ni pé ìwé ìdìbò kò lè jáde lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn fún àwọn olùdíje, kò sì sẹ́ni tó lè tẹ ìwé ìdìbò kí orúkọ tó pé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tẹ̀ ẹ́, wọn yóò kó o sínú àpòòwé, pósítì yóò gbé e. Ní tiwa, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ 24 la gbéra, àpòòwé kò tíì dé. Mo pe ọ́fíìsì wọn láti pápákọ̀ òfuurufú, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àbúrò mi lọ bá mi dìbò, ṣebí títí di ọjọ́ 26 ni wọ́n máa gba orúkọ aṣojú? Obìnrin tó gbé fóònù ṣe sùúrù fún mi gan-an. Ó ní ẹni tí kò bá tíì bẹ̀bẹ̀ fún ti pósítì ni ọjọ́ 26 wà fún. Ẹni tó bá ti wà lórí ti pósítì tó wá fẹ́ yí i padà, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 19 ni tirẹ̀, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ 11 kí ìdìbò tó dé. Ọjọ́ 19 ti lọ.

Nígbà tí a padà dé láti Nàìjíríà, àpòòwé náà wà lórí ẹní ẹnu ọ̀nà.

Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní sí nílùú, aṣojú ni kí ẹ yàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n gbà kéèyàn ní kí wọ́n fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí òkè òkun, àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ ro iye ọjọ́ tí lẹ́tà máa ń lò kó tó dé Iléṣà, kó tún padà wá kí aago 10 alẹ́ ọjọ́ ìdìbò tó lù.

Ìyá Ìbejì

Bàbá Tóbi, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìnáwó ìsìnkú náà. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tó wà nílé tí tirẹ̀ kò sì dé: láti ọjọ́ iṣẹ́ kẹrin sí ìdìbò, ẹ lè mú ohun tó fi yín hàn lọ sí ọ́fíìsì wọn pé ìwé yín kò dé, wọ́n á fún yín ní òmíràn. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdìbò ni wọ́n máa ń ṣíwọ́ rẹ̀. Ẹ má jókòó máa wo ẹnu ọ̀nà.

Màmá Akọrin, Birmingham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fẹ́ sọ ti àwọn àgbàlagbà ìjọ wa.

Ìbò tó wáyé níbí ní ọdún 2004 wà lára ohun tó mú kí òfin le báyìí. Àwọn kan kó ìwé ìbò pósítì jọ, wọ́n sì ṣe màgòmágó. Ní 2005, adájọ́ Richard Mawrey fagi lé èsì wọ́ọ̀dù méjì, Aston àti Bordesley Green. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin 2006 dé, tó ní kí olúkúlùkù fi ìbuwọ́lùwé àti ọjọ́ ìbí sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tó jẹ Ìyá Ìbejì níyà yẹn, ààbò ni wọ́n fi ṣe. Mo rántí ìgbà tí kò tíì sí, kò dáa.

Ní 2024, àwọn àgbàlagbà méje nínú ìjọ wa ló pẹ́ kí wọ́n tó kọ tiwọn. Pósítì kò lè gbé e dé mọ́, ni mo bá ní kí wọ́n kó o fún mi, n ó gbé e dé ibùdó ìdìbò. Ọmọ mi obìnrin ló da omi tútù sí mi lára. Ó ní, “Mọ́mì, òfin ti yí padà. Tiyín àti ti ẹni márùn-ún péré lẹ lè mú dání.” Mi ò gbà á gbọ́ àfìgbà tó kà á sí mi létí. Èmi mú márùn-ún, òun mú méjì. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, a kọ orúkọ àti àdírẹ́sì wa àti ìdí tí a fi gbé ti ẹlòmíràn wá. Ẹni tó bá kàn jù ú sílẹ̀ níbẹ̀ láìkọ fọ́ọ̀mù, wọn kò ní kà á. Tí ẹ bá jù ú sínú àpótí lẹ́tà pupa lójú pópó, ìyẹn kò ní fọ́ọ̀mù. Àwọn tó ń polongo ìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé yín rárá, àfi tó bá jẹ́ ẹbí yín tàbí ẹni tó ń tọ́jú yín. Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn pé àwọn fẹ́ bá yín gbé e, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ṣeun.

Ẹnì kan nínú àwọn méje yẹn, àrùn rọpá-rọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn. Ìbuwọ́lùwé wọn lónìí kò jọ ti àná. Irú wọn lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má béèrè ìbuwọ́lùwé, kó jẹ́ ọjọ́ ìbí nìkan. A ti ṣe é fún wọn láti ọdún tó ṣáájú. Ẹ wo àwọn ìyá àti bàbá yín dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn kò ní sọ fún yín pé ọwọ́ ń gbọ̀n.

Àbíkẹ́, Houston

Ẹ káàsán o, Màmá Akọrin. Tiwa ní Texas yàtọ̀. Ẹni tí kò bá tíì di ọmọ Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ súnmọ́ ìbò níbí, físà kò wúlò fún un. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ìlú ló lè fi pósítì dìbò. Ẹni tó ti pé ọdún 65 ni, aláìsàn àti abirùn, ẹni tí kò ní sí ní àdúgbò rẹ̀ nígbà ìdìbò, àti àwọn díẹ̀ mìíràn.

Màmá mi ti lé ní 70. Ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú ní oṣù Kẹta 2022 ni wọ́n kọ́kọ́ dì lẹ́yìn òfin 2021. Òfin yìí ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà láìsẹ́nsì ọkọ̀ tàbí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn Social Security, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún wa, sábẹ́ ìdérí àpòòwé. Abẹ́ ìdérí ni mo wí! Màmá kò rí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò rí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbò ni wọ́n dá padà kárí ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn. Wọ́n pe màmá pé ìbò wọn ní àbùkù, mo wa mọ́tò gbé wọn lọ tún un ṣe. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà méjèèjì la máa ń kọ, nítorí a kò mọ èyí tí wọ́n ní lọ́wọ́ láti ọjọ́ tí màmá forúkọ sílẹ̀. Ọdọọdún la sì ń bẹ̀bẹ̀ fún un lákọ̀tun.

Ọmọ Ṣódẹkẹ́, Ìbàdàn

Mò ń ka gbogbo èyí, ọkàn mi ń fà sí i. Agùnbánirọ̀ ni mí ní 2023. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì yẹn, èmi ni mo jókòó ti ẹ̀rọ BVAS, tí mò ń yẹ ìka àti ojú àwọn èèyàn wò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Káàdì ìdìbò tèmi wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Ìbàdàn ni mo ti forúkọ sílẹ̀, ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n gbé mi lọ. Ibi tí orúkọ rẹ wà nìkan lo ti lè dìbò ní Nàìjíríà, kò sí ti pósítì, kò sí ti aṣojú. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wa náà kò dìbò. Ẹ̀yin tí ẹ ní àǹfààní àpòòwé méjì yẹn, inú mi kò dùn sí i tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan fi í sílẹ̀ lórí fíríìjì.

Tọ́pẹ́, Leeds

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fún iṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó ni. Àǹtí Ìyá Ìbejì, ṣé mo nílò fọ́tò ìdánimọ̀ tí mo bá fẹ́ fi pósítì dìbò? Àti pé nọ́ńbà National Insurance mi, èyí tí ìjọba ń fún òṣìṣẹ́ níbí, kò tíì jáde.

Ìyá Ìbejì

Tọ́pẹ́, káàbọ̀ o. Ti pósítì kò ní fọ́tò. Ibùdó ìdìbò ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ láti 2023, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rẹ sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Forúkọ sílẹ̀ ná, kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ 12 sí ìdìbò. Tí o kò bá ní nọ́ńbà náà, sọ bẹ́ẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á béèrè ìwé mìíràn lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ lo máa bẹ̀bẹ̀ fún ti pósítì, kò ju ọdún mẹ́ta lọ kó tó parí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti bẹ̀bẹ̀ kí oṣù Kẹwàá 2023 tó parí, ọjọ́ 31 oṣù Kínní 2026 ni tiyín dópin, àfi kí ẹ tún un ṣe.

Tí ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ ń gbé ilé bá gba tiyín lọ́jọ́ kan náà, ẹ má jókòó kọ ọ́ pọ̀ lórí tábìlì kan. Nọ́ńbà ara ìwé ìdìbò gbọ́dọ̀ bá ti ìwé tí o buwọ́ lù mu. Èmi àti ọkọ mi, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti ń ṣe é báyìí.

Tọ́pẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti forúkọ sílẹ̀ báyìí lórí fóònù, nínú bọ́ọ̀sì tí mo wà yìí. Wọ́n ní kí n máa retí lẹ́tà.