Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí MBA fún ọmọ ọdún àṣekágbá

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dáhùn. Ohun tí mo béèrè ni pé ṣé ẹni tó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì lè wá àyè MBA (másítà nínú ìṣàkóso okòwò) ní Amẹ́ríkà láìtíì ṣiṣẹ́ rí. Ó ṣeé ṣe.

Ètò 2+2 ti Harvard máa ń fi àyè pamọ́ fúnni: èèyàn á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 sí 4 kó tó wọ kíláàsì. Oṣù Kẹrin ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù, dọ́là 100. Silver Scholars ti Yale yàtọ̀: láti yunifásítì lèèyàn ti ń wọlé tààrà, á kàwé fún ọdún kan, á lọ ṣiṣẹ́, á sì padà wá parí rẹ̀.

Àkókò ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ẹni tó bá ti gboyè, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 2+2 ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀; àmọ́ ẹni tó bá ti yunifásítì lọ ṣe másítà tààrà, tí kò tíì ṣiṣẹ́, ṣì láǹfààní. Torí náà, ẹ tètè ṣe GMAT, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń wọlé fún MBA, kí àyè wà láti tún un ṣe: ìpín 3, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èsì rẹ̀ á sì wúlò fún ọdún 5. Orúkọ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti páàsípọ́ọ̀tù mu.

Ní ti lẹ́tà ìjẹ́rìí 2 tí Harvard ń béèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀jọ̀gbọ́n olókìkí tí kò mọ̀ yín sílẹ̀. Olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí yín, tàbí ọ̀gá ibi tẹ́ ẹ ti ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́), ló lè sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe gan-an.

Ìbéèrè mi ti yanjú. Mo ti ìjíròrò yìí síbí.