Pákó ìgẹ́ran ìyá mi ti là, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé. Ìyá mi ló fún mi ní pákó igi apá tí wọ́n fi ń gé ẹran láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ojú kan wà fún ẹran, ìkejì fún ẹ̀fọ́ àti ewùrà ìkọ́kọrẹ́. Wọn kì í pa méjèèjì pọ̀.

Lọ́dún Iléyá, a gé ẹran àgbò lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, torí àlejò Ojúde Ọba. Ó ti rẹ̀ mí, mo bá rì í sínú omi ọṣẹ di àárọ̀. Ó mumi, ó wú. Mo tún sá a sínú oòrùn gangan, ló bá là létí kan. Ó dùn mí gan-an.

Mo ti fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Òórùn ẹran ti lọ, ṣùgbọ́n àmì dúdú kéékèèké ṣì wà níbẹ̀. Ṣé kí káfíńtà fá ojú rẹ̀ ni, àbí sáńpépà tó? Ibi tó là yẹn ńkọ́, ṣé gọ́ọ̀mù kan wà tí kò ní ṣe oúnjẹ ní jàǹbá? Ẹ̀rù ìdọ̀tí tó lè sá pamọ́ síbẹ̀ ń bà mí.

Aládùúgbò mi ní kí n fi òróró ẹ̀pà pa á, àmọ́ irú òróró bẹ́ẹ̀ máa ń bàjẹ́, á sì máa rùn. Ẹni tó bá ti lo liquid paraffin, òróró tí kì í bàjẹ́ bí ti ẹ̀pà, tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fi pa á lóṣù?